Bí a ṣe ń tọ́ Chardonnay olówó iyebíye wò, láti ara ìgò títí dé ọjọ́ kejì

Chardonnay, àjàrà tí wọ́n fi ń pọn wáìnì funfun tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, kì í ṣe àjàrà aláriwo. Tí ẹ bá já a lórí igi nígbà tó pọ́n, tí ẹ sì jẹ ẹ́, adùn àti kíkan díẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó yàtọ̀ sí àjàrà Muscat, tí òórùn rẹ̀ ti máa ń dé imú kí gíláàsì tó dé. Púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú Chardonnay tó dáa, ọwọ́ ènìyàn ló gbé e débẹ̀: ẹni tó yan ọjọ́ ìkórè, ẹni tó yan àgbá, ẹni tó ní kí wọ́n má tíì ya gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò. Nítorí náà, ẹni tó ń tọ́ ọ wò, ìpinnu tí wọ́n ṣe ló ń wá kiri nínú gíláàsì. Nílé ìpọntí tí ẹbí kan ti ń bójú tó láti ìran dé ìran, àwọn ìpinnu yẹn sábà máa ń hàn ketekete, torí ẹni tó gbin igi, tàbí ọmọ rẹ̀, ló ṣì ń pọn ọtí náà. Kò sí ọ̀gá tuntun tó ń dé láti òkèèrè lọ́dún méjì méjì láti yí ọwọ́ padà.

Ìrọ̀lẹ́ kan gbáko ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìgò kan. Kí ènìyàn sáré tọ́ oríṣi mẹ́wàá wò lórí ìdúró, ẹnu lásán ló ń rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó ṣí i

Ọ̀rọ̀ "ilé ẹbí" tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò lè má túmọ̀ sí nǹkan kan. Àwọn ilé ńlá tó ń ra àjàrà káàkiri náà lè fi orúkọ bàbá-ńlá ẹnì kan ṣe ọ̀ṣọ́. Gbólóhùn tó sọ ibi tí wọ́n ti rọ ọtí sínú ìgò ni kí ẹ wá. Ní Amẹ́ríkà, ilé tó bá kọ "Estate Bottled" gbọ́dọ̀ lo àjàrà orí ilẹ̀ tí wọ́n ni tàbí tí ó wà níkàáwọ́ wọn fún gbogbo ọtí inú ìgò náà; àwọn fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ fún omi rẹ̀, kí wọ́n pọn ọ́n, kí wọ́n sì rọ ọ́, ilẹ̀ àti ilé ìpọntí sì gbọ́dọ̀ wà ní àgbègbè tí wọ́n kọ sára ìgò. Ní ilẹ̀ Faransé, "Mis en bouteille au domaine" ni gbólóhùn tó jọ ọ́. Ó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ní ti "Reserve", òfin Amẹ́ríkà kò fún un ní ìtumọ̀ kankan, nítorí náà ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ san owó kún owó.

Bí ìgò náà bá ti Bourgogne, àgbègbè kan ní ilẹ̀ Faransé, wá, ẹ lè má rí orúkọ Chardonnay lára rẹ̀ rárá. Orúkọ ìlú ni wọ́n ń kọ: Chablis, Meursault, Puligny-Montrachet. Chardonnay ni wáìnì funfun àwọn ìlú wọ̀nyí.

Nọ́ńbà méjì ló kù tó yẹ kí ojú yín bá. Àkọ́kọ́ ni ọdún, ìyẹn ọdún ìkórè, kì í ṣe ọdún tí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò. Èkejì ni ìwọ̀n ọtí. Èyí tó bá wà ní ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún sábà máa ń wá láti ibi tó tutù, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó tètè kórè. Èyí tó bá dé 14.5, oòrùn ti pa àjàrà rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ohun tí ahọ́n yín ń lọ bá.

Bí ilé náà bá ní ìtàn, ẹ wá a kà, àmọ́ kí ó jẹ́ ìtàn tó kan ohun tó wà nínú ìgò. Ẹbí Wente ní Livermore, California, ti ń pọn wáìnì láti 1883, àwọn ló sì kọ́kọ́ kọ orúkọ Chardonnay sára ìgò ní Amẹ́ríkà, ní 1936. Lára igi wọn ni wọ́n ti gé ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n gbìn káàkiri California. Ẹbí Brajkovich, tó ni Kumeu River ní New Zealand, ra ilẹ̀ wọn ní 1944. Orúkọ bàbá ilé náà, Maté, ni wọ́n fi sọ ọgbà tí wáìnì wọn tó lókìkí jù ti ń wá. Ìtàn irú èyí wúlò, torí ó ń sọ fún yín pé igi tí ẹ ń mu èso rẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ajá inú ọgbà àti fọ́tò màmá àgbà kò kan ahọ́n.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn bó ṣe tutù tó

Ibí yìí ni owó ńlá ti máa ń ṣòfò jù. Fíríìjì ilé sábà máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Chardonnay tó bá ti ibẹ̀ bọ́ sínú gíláàsì tààrà máa tutù nini, òórùn rẹ̀ á sá pamọ́, kíkan àti kíkorò rẹ̀ á sì yọrí ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó bá wà lórí tábìlì láti àárọ̀: ọtí inú rẹ̀ á máa ta ènìyàn nímú, gbogbo ara rẹ̀ á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.

Èyí tí wọ́n tọ́jú sínú àgbá igi óákù, dígírì 10 sí 13 ló yẹ ẹ́. Èyí tí kò fojú kan àgbá rí, 7 sí 10 ti tó. Tí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ lè fi wọ̀n ọ́n, ẹ gbé ìgò kúrò nínú fíríìjì ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ṣáájú. Níbi tí ooru bá ti mú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń tó. Bó bá jẹ́ pé ìgò náà kò tíì tutù rárá, ẹ ri í bọ inú korobá tí omi àti yìnyín jọ wà nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Kí omi wà níbẹ̀ o. Yìnyín nìkan kì í yí ìgò ká, ibi tó bá fara kàn nìkan ló ń mú tutù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní apá ibi tó tutù, ní bíi 10, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa gbóná díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́ ọ wò. Bó ṣe ń gbóná ni á máa sọ̀rọ̀ sí i, ẹ ó sì rí i pé wáìnì tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kọ́ lẹ máa parí pẹ̀lú rẹ̀. Bí gíláàsì bá ṣì tutù jù, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ikùn rẹ̀ mú fún ìṣẹ́jú kan.

Ìgbésẹ̀ 3: Gíláàsì, imú, àti àyíká

Gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ tí ikùn rẹ̀ fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì sún mọ́ra díẹ̀, ló dáa. Kí ẹ tó bu nǹkan kan sí i, ẹ gbóòórùn rẹ̀ lófìfo. Bó bá ń rùn bíi ọṣẹ, àkísà tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Lọ́fínńdà, sìgá àti àbẹ́là olóòórùn kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ eyín tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu kọfí, kó ní sùúrù díẹ̀.

Ẹ gbé omi, búrẹ́dì tí kò ní adùn, bébà funfun kan àti abọ́ kan tí ẹ máa tu wáìnì sí kalẹ̀. Títu dànù kì í ṣe ìwà àìmọ̀yì. Ohun tí àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ ń ṣe nìyẹn, òun náà ló sì yẹ ẹni tó máa wakọ̀ lọ sílé. Ìwọ̀n tó yẹ kí ẹ bu ni 50 sí 60 mílílítà, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíláàsì lọ. Bí ẹ bá kún un dẹ́nu, òórùn kò ní rí ibi dúró sí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ṣíṣí

Ẹ gé bébà tó bo ẹnu ìgò lábẹ́ etí rẹ̀, kí ẹ nu ẹnu ìgò, kí ẹ tó fa kọ́ọ̀kì. Gbígbóòórùn kọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ kò kọ́ ènìyàn ní nǹkan púpọ̀, wáìnì inú gíláàsì ni kí ẹ bi. Bí ẹ bá rí ohun kan tó ń dán bíi iyọ̀ ní ìdí ìgò tàbí lára kọ́ọ̀kì, ẹ má bẹ̀rù: ásíìdì inú àjàrà ló dì bẹ́ẹ̀ nítorí òtútù, kò lè pa yín lára.

Ẹ má sì fojú di ìgò tó ní ọmọrí onírin tí à ń yí. Kumeu River ti ń fi irú rẹ̀ dé wáìnì wọn láti ìkórè 2001.

Ìgbésẹ̀ 5: Ojú

Èyí kò gba àkókò. Ẹ tẹ gíláàsì síwájú lórí bébà funfun. Àwọ̀ rẹ̀ tó bá fẹ́ẹ́rẹ́, tó fi díẹ̀ jọ ewé, ó ṣì kéré ní ọjọ́ orí, ó sì ṣeé ṣe kó má rí àgbá. Àwọ̀ wúrà sọ pé ó ti pẹ́ díẹ̀, tàbí pé àgbá ti fọwọ́ kàn án. Bó bá ti ń pọ́n bíi tíì láìjẹ́ pé ó dàgbà, ẹ fura. Omi tó ń ṣàn wálẹ̀ lára gíláàsì, tí àwọn kan máa ń fi ṣe àfihàn ọlá, ọ̀rọ̀ bí ọtí ṣe pọ̀ tó ló ń sọ ní pàtàkì. Kò sọ bóyá wáìnì dáa.

Ìgbésẹ̀ 6: Imú, níbi tí iṣẹ́ wà

Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ láì jì í rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdí gíláàsì lélẹ̀ lórí tábìlì, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin, kí ẹ sì tún gbé e símú. Ẹ fà á ní kúkúrú kúkúrú, kí ẹ sì sinmi láàárín, torí imú tètè máa ń rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń bi ara yín pé "èso wo lèyí?", ọ̀nà tààrà kọ́ nìyẹn. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ máa bi í, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdí tirẹ̀: kí ló ti inú ọgbà wá, kí ló ti ilé ìpọntí wá, kí ni àkókò fi kún un?

Láti inú ọgbà ni òórùn èso ti ń wá. Níbi tó bá tutù, bíi Chablis, ẹ máa gbọ́ ápù aláwọ̀ ewé, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, àti nǹkan kan tó jọ òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Níbi tí oòrùn wà níwọ̀n, píà àti písì á jáde. Níbi tó gbóná, ó di ọ̀pẹ̀ òyìnbó, máńgòrò, nígbà mìíràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ nínú wọn. Ìṣòro wà nígbà tí òórùn èso kò bá sí rárá, tó jẹ́ pé igi àti bọ́tà nìkan lẹ̀ ń gbọ́.

Bọ́tà yẹn, ilé ìpọntí ló ti wá. Lẹ́yìn tí ìwúkàrà bá ti sọ ṣúgà àjàrà di ọtí, bakitéríà kan máa ń sọ ásíìdì mímú, irú èyí tó wà nínú ápù tútù, di ásíìdì tó rọ̀, irú èyí tó wà nínú wàrà. Bó ṣe ń ṣe é ni ohun kan tó ń jẹ́ diacetyl ń jáde, òun ló ń ta sánsán bíi bọ́tà. Ilé kan lè jẹ́ kí gbogbo wáìnì wọn gba ọ̀nà yìí kọjá, òmíràn lè dá a dúró, òmíràn á jẹ́ kí ìdajì lọ kí ìdajì dúró. Ìpinnu lèyí jẹ́, ẹ sì lè gbọ́ ọ pẹ̀lú imú yín.

Àgbá ni ìpinnu kejì. Ní Bourgogne, àgbá lítà 228 ni wọ́n ń lò. Èyí tó bá jẹ́ tuntun máa ń fi fànílà, búrẹ́dì yíyan àti òórùn èéfín díẹ̀ sínú wáìnì. Óákù Amẹ́ríkà máa ń fi àgbọn kún un. Bí wọ́n bá ti lò ó nígbà mẹ́ta mẹ́rin, òórùn igi inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, afẹ́fẹ́ tó ń gba ara rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀ nìkan ló ṣì wúlò fún. Lójú tèmi, àgbá tuntun tó pọ̀ jù lára Chardonnay dà bí ẹni tó wọ agbádá tó tóbi jù ú lọ: agbádá ló kọ́kọ́ wọlé, a ò wá mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bí òórùn èso bá tó o, fànílà á wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní wà níwájú.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ìpinnu kẹta, òun ni mo sì fẹ́ràn jù láti máa wá. Ìwúkàrà tó ti kú máa ń rọ̀ sí ìdí àgbá. Àwọn kan á tètè ya wáìnì kúrò lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn á jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀, wọ́n á máa fi igi rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òórùn búrẹ́dì tútù àti bísíkíìtì ń wá láti ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kíki tí ẹ máa bá lẹ́nu. Nígbà mìíràn, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni òórùn ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Àwọn èròjà imí-ọjọ́ ló ń fà á, ọ̀pọ̀ apọntí ló sì ń mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ jì í. Bó bá pòórá tí èso jáde lẹ́yìn rẹ̀, kò sí wàhálà. Bó bá di òórùn ẹyin tó bàjẹ́, àbùkù ni.

Àkókò ló kù: oyin, álímọ́ńdì yíyan, nígbà mìíràn olú. Bí wáìnì ọdún méjì bá ti ń rùn báyìí, ẹ ka ohun tí mo kọ sí ìgbésẹ̀ kẹjọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹnu

Ẹ mu ìwọ̀n ṣíbí kan, kí ẹ jẹ́ kó yí gbogbo ẹnu ká, dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti erìgì. Ẹ la ètè díẹ̀, ẹ fa afẹ́fẹ́ wọlé lórí rẹ̀. Ariwo rẹ̀ lè ti ènìyàn lójú, àmọ́ òun ló ń gbé òórùn gba ẹ̀yìn ọ̀fun lọ sí imú, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ìtọ́wò ti ń ṣẹlẹ̀.

Kíkan ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti wọ̀n ọ́n ni itọ́: lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e mì tàbí tí ẹ ti tu ú, ẹ tẹrí ba díẹ̀ kí ẹ sì ṣọ́ ẹnu yín. Bí itọ́ bá ń sun lábẹ́ ahọ́n wàrà-wàrà, kíkan rẹ̀ pọ̀. Chardonnay tí kò bá ní in máa sú yín kí gíláàsì kejì tó dé, bó ti wù kí ó ta sánsán tó.

Ẹ má jẹ́ kí fànílà àti máńgòrò tàn yín pé wáìnì náà dùn. Ọ̀pọ̀ Chardonnay olówó ńlá kò ní ṣúgà kankan tí ahọ́n lè mọ̀. Ẹ dí imú yín, kí ẹ tún mu díẹ̀. Bí adùn náà bá parẹ́, òórùn lásán ló ń ṣe é.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bó ṣe kún ẹnu tó. Ṣé ó fúyẹ́ bí omi ni, àbí ó ki? Ṣé ọ̀fun yín ń gbóná lẹ́yìn tó lọ? Ọtí rẹ̀ ló yọrí jù nìyẹn. Ṣé erìgì yín gbẹ, tí ahọ́n sì korò díẹ̀? Igi àgbá nìyẹn. Lára wáìnì tó ṣì kéré, ó lè rọ̀ tó bá yá.

Ní ìkẹyìn, ẹ kà á. Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹnu bá ṣófo, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ìtọ́wò èso fi dúró? Kì í ṣe ti ọtí tàbí igi ni kí ẹ kà o. Èyí tó bá lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, owó tí wọ́n pè lórí rẹ̀ kò tọ́ sí i. Èyí tó bá ju mẹ́wàá lọ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan wà tí ẹ máa gbàgbé kíkà, tí wọ́n á ṣì wà lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí ìgò bá bàjẹ́

Àbùkù méjì ni kí ẹ mọ̀ dáadáa. Àkọ́kọ́ ni ti kọ́ọ̀kì: wáìnì á máa rùn bíi páálí tó rin tàbí inú yàrá tí wọ́n ti pa dé tipẹ́, èso rẹ̀ á sì kú. Bó ṣe ń pẹ́ nínú gíláàsì ló ń burú sí i, nítorí náà ẹ má retí pé á là. Ẹ dé e padà, kí ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rà á. Ẹbí tó bá mọyì orúkọ ara wọn kì í bá ènìyàn jà lórí èyí.

Èkejì ni afẹ́fẹ́. Àwọ̀ á pọ́n, òórùn ápù tí wọ́n gé tó ti dúdú á gba ibẹ̀ kan. Ó bani nínú jẹ́ jù lára ìgò olówó gọbọi, torí pé láti ìkórè àárín àwọn ọdún 1990 ni àwọn tó ń tọ́jú wáìnì funfun Bourgogne ti ń ṣí ìgò tó yẹ kó ṣì le koko, tí wọ́n ń bá a pé ó ti gbó. Ìgò inú páálí kan náà lè rí bẹ́ẹ̀ kí ẹnìkejì rẹ̀ sì pé pérépéré.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ tún padà wá

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú gíláàsì, kí ẹ máa padà sídìí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún wákàtí kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò rẹ̀: "7:00, ìṣáná, ọsàn wẹ́wẹ́. 7:15, ìṣáná ti lọ, píà dé. 7:45, bísíkíìtì, kíkan ṣì mú." Irú àkọsílẹ̀ báyìí wúlò ju kí ẹ fún un ní máàkì lọ.

Nígbà tí gíláàsì bá ṣófo, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ohun tó bá kù níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti àgbá, ẹ ó sì mọ bí igi tó wà nínú wáìnì yẹn ṣe pọ̀ tó láìsí èso tó bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ dé ìgò tó kù, ẹ gbé e padà sí fíríìjì, kí ẹ tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kejì. Chardonnay tó ní ara máa ń sàn sí i lọ́jọ́ kejì nígbà mìíràn. Èyí tí ọ̀ṣọ́ pọ̀ lára rẹ̀ á ti wó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi se ẹja tàbí adìẹ.

Bí ẹ bá dé ilé ìpọntí náà, tàbí tí ẹ bá fẹ́ rà sí i

Ẹni tó ń bu wáìnì fún yín lè jẹ́ ọmọ ilé. Ẹ bi í ní ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: àgbá tuntun mélòó nínú mẹ́wàá? Oṣù mélòó ló lò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀? Ṣé gbogbo rẹ̀ ló gba ọ̀nà ásíìdì wàrà? Ọdún wo ni wọ́n gbin igi? Kí lẹ yí padà lẹ́yìn tí bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni wọ́n máa ń dáhùn pẹ́ jù. Kí ẹ tó bi í, ẹ ti gbọ́dọ̀ tọ́ wáìnì náà wò, kí ẹ sì ti ní ìdáhùn tiyín lọ́kàn, kí ẹ lè mọ ibi tí imú yín ti tọ̀nà.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ìkórè ọdún méjì láti ọgbà kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tó bá jọra nínú méjèèjì, ilẹ̀ àti ọwọ́ ilé náà ni. Ohun tó bá yàtọ̀, ojú ọjọ́ ló fà á lọ́pọ̀ ìgbà.

Bó bá wù yín, ìgò mẹ́ta ni kí ẹ rà, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ ṣí ọ̀kan nísinsìnyí, ọ̀kan lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ̀kẹta lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Bí wọ́n bá ní kọ́ọ̀kì, ẹ fẹ̀gbẹ́ wọn lélẹ̀, níbi tó ṣókùnkùn, tí kì í mì, tí kì í gbóná kó tún tutù, ní nǹkan bíi dígírì 12 sí 14, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ há ọrùn èyí tó máa kẹ́yìn.